Ẹmu Àárọ̀, Ẹmu Ìrọ̀lẹ́

Nínú gbogbo ọtí tí mo tọ́ wò nílẹ̀ Ẹ̀gbá lẹ́nu àìpẹ́ yìí, ẹmu ọ̀pẹ ló wù mí jù. Ògùrọ̀ dùn lóòótọ́, àmọ́ adùn rẹ̀ tètè máa ń sú mi. Ẹmu àárọ̀ dùn bí oyin. Kò sẹ́ni tó fi ìwúkàrà sí i, síbẹ̀ tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ó ti ń hó, ó ti kan díẹ̀, ó sì ń ta ahọ́n. Ìgbà yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Adẹ́mu ni mo ń kí: ó fi igbà gun ọ̀pẹ, ó sì mọ ibi tí ọ̀bẹ yóò dé tí igi kò fi ní kú. Abájọ tí Amos Tutuola, ọmọ Abẹ́òkúta, fi sọ ọ̀mu-ẹmu di akọni ìwé rẹ̀ lọ́dún 1952! Ẹ̀yin ẹlẹ́mu wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu omi àti ṣúgà sí i mọ́.