Ọdẹ Tó Ń Gbé ní Orí Igi Ẹ̀gẹ́

Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́ ní agbègbè Tchaourou, ní ẹkùn Borgou ní Benin, ẹ yà sínú oko ẹ̀gẹ́ kan, kí ẹ yí ewé òkè pátápátá sódì. Ẹ fi èyí tó ti gbó nísàlẹ̀ sílẹ̀. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni kí ẹ wò. Bí ó bá ní àmì wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, tó kéré, tó sì rún, kòkòrò kan ló ń fa omi ara rẹ̀ mu. Kòkòrò náà kò tó ìdajì mìlímítà. Ẹyọ gaàrì kan tóbi jù ú lọ. Ìbátan aláǹtakùn àti eégbọn ni, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní. Mononychellus tanajoa ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Abẹ́ ewé ló ti ń gún un, tí yóò máa fa àwọ̀ ewé inú rẹ̀ mu títí ewé yóò fi gbẹ, tí yóò já bọ́, tí orí igi yóò sì ṣẹ́kù ní ọ̀pá lásán. Nígbà tí òjò bá padà dé, ẹ̀gẹ́ á fẹ́ rú ewé tuntun, inú gbòǹgbò rẹ̀ ni yóò sì ti wá oúnjẹ tí yóò fi rú u. Àgbẹ̀ tó bá hú u lásìkò yẹn, gbòǹgbò olómi ni yóò bá. Obìnrin tó ń yan gaàrì ló máa kọ́kọ́ mọ̀, nítorí iye tó máa ń rí nínú àpò ẹ̀gẹ́ kan kò ní pé mọ́.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni kòkòrò yìí ti wá. Ọdún 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i nílẹ̀ Áfíríkà, ní Ùgáńdà, kò sì tó ogún ọdún tó fi la ilẹ̀ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ já dé ọ̀dọ̀ wa. Afẹ́fẹ́ ń gbé e, ènìyàn náà sì ń gbé e, torí ẹni tó bá ru igi ẹ̀gẹ́ láti ìlú kan lọ gbìn ní ìlú mìíràn ti ru ohun tó wà lára rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tó máa ń wá síni lọ́kàn ni kí a fín oògùn. Ní Borgou tí wọ́n ti ń gbin òwú, oògùn òwú kò jìnnà sí ọwọ́ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ ewé ni kòkòrò yìí sá sí, kì í sì í pẹ́ tó fi ń bí sí i. Àwọn kòkòrò tó ń pa á jẹ ni oògùn máa ń tètè pa. Bí oògùn bá sì rọlẹ̀ tán, èyí tó yè bọ́ yóò máa jẹun lọ láìsí ẹni tó ń lé e. Bí ìkórè bá ti sún mọ́lé, ewu mìíràn tún wà níbẹ̀: oúnjẹ ènìyàn ni a ń da májèlé lé lórí.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí a wò dáadáa bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí àwọn kan kọ ọ̀nà oògùn yìí sílẹ̀. IITA ló ṣáájú rẹ̀, ilé ìwádìí tí ibùdó rẹ̀ ní Benin wà ní Abomey-Calavi. Àwọn onímọ̀ rẹ̀, Hans Herren, Steve Yaninek àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, pinnu láti lọ wá ọ̀tá kòkòrò yìí ní ilẹ̀ ibi tó ti wá. Láàárín ọdún 1984 sí 1988, ó lé ní mílíọ̀nù márùn-ún kòkòrò ọdẹ, tí irú wọn wá láti Kòlóḿbíà, ni wọ́n tú sínú oko káàkiri Áfíríkà. Kò sí ọ̀kan nínú irú wọn tó fìdí kalẹ̀.

Ibí yìí ni mo ti ń kan sáárá sí wọn. Wọn kò kàn tún tú òmíràn sí i. Wọ́n bi ara wọn léèrè ohun tí ọdẹ máa jẹ nígbà tí ẹran bá tán lóko, àti bí ara rẹ̀ yóò ṣe gba ẹ̀ẹ̀rùn wa. Wọ́n kọjú sí àríwá ìlà-oòrùn Bràsíl, níbi tí ojú ọjọ́ ti jọ tiwa, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ibẹ̀ bíi Gilberto de Moraes. Láti ibẹ̀ ni Typhlodromalus manihoti ti wá, èyí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Benin láti ọdún 1989. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aripo dé, Typhlodromalus aripo, tí wọ́n tú sílẹ̀ ní gúúsù Benin lọ́dún 1993.

Aripo kì í jẹun púpọ̀. Bí a bá fi í wé àwọn ọdẹ tó ń jẹ àjẹkì, ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yóò sọ pé kò já mọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹran bá wọ́n lóko, ó lè máa lá omi dídùn tó ń sun lára ewé ẹ̀gẹ́, ó sì lè jẹ lẹ́búlẹ́bú òdòdó àgbàdo tí afẹ́fẹ́ gbé wá. Àgbẹ̀ wa tó ń gbin àgbàdo sáàárín ẹ̀gẹ́ ti ń bọ́ ọ láìmọ̀. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó rìn tó kìlómítà 12 sí ibi tí wọ́n tú u sí. Lọ́dún kejì, ó dé ibi tó tó kìlómítà 200. Níbi tó dúró sí, kòkòrò ewé dín kù gan-an, ìkórè sì pọ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà nínú sísìn aripo nìyí. Wọ́n á tẹ́ fóòmù tó mumi sínú abọ́, wọ́n á gbé ewé tàbí pákó dúdú pẹlẹbẹ lé e, wọ́n á fi bébà tútù yí etí rẹ̀ ká, torí ọdẹ tó kéré tó báyìí kò lè la omi kọjá. Búrọ́ọ̀ṣì onírun bíi mélòó kan ni wọ́n fi ń gbé e. Ọwọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ ti pa á. Ọwọ́ tó bá gbọ̀n ti sọ ọ́ nù. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ka ẹyin rẹ̀ lábẹ́ awò.

Wọ́n tún ní láti mọ ibi tí wọn yóò ti wá a lóko. Ẹni tó bá yẹ ewé wò lójú ọ̀sán yóò ní aripo kò sí níbẹ̀. Inú orí igi ni ó ń gbé, láàárín àwọn ewé kéékèèké tí kò tíì là. Alẹ́ ló ń sọ̀kalẹ̀ wá dọdẹ. Alexis Onzo, tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Parakou, ìlú tó wà lókè Tchaourou lójú ọ̀nà kan náà, wà lára àwọn tó fi tọ̀sán tòru ka àwọn tó wà lórí igi àti àwọn tó wà lára ewé, títí wọ́n fi mọ ìgbà tó ń jáde àti ìgbà tó ń wọlé.

Kì í ṣe oko ẹ̀gẹ́ nìkan ni a ti ń tú ọdẹ sílẹ̀. Àwọn tó ń gbin igbó mímu nínú yàrá ní ibi tí òfin ti fàyè gbà á, bíi Kánádà láti ọdún 2018, ń bá ìbátan kòkòrò tó ń ba ewé ẹ̀gẹ́ jẹ́ jà. (Òfin Benin kò gbà á.) Bí òdòdó bá ti ń gbó, wọn kò lè fín oògùn, torí a kì í fọ òdòdó náà kí a tó lò ó. Ọdẹ ni wọ́n ń tú. Phytoseiulus persimilis yóò jẹ ẹran náà tán, lẹ́yìn náà ni ebi yóò pa òun fúnra rẹ̀ kú. Ẹyin rẹ̀ kì í sì í pa bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ jù, bẹ́ẹ̀ àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n máa ń mú kí afẹ́fẹ́ yàrá gbẹ, kí òdòdó má baà bu. Ẹni tó mọ iṣẹ́ nínú wọn á tètè tú u, tàbí kó yan Neoseiulus californicus tó gba ẹ̀ẹ̀rùn jù ú lọ.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìṣòro Tchaourou náà. Ìgbà òjò kan ṣoṣo lọ́dún ni wọ́n ní. Ní ọ̀dàn gbígbẹ, aripo kì í fẹsẹ̀ múlẹ̀ bó ṣe ń ṣe ní gúúsù. Ìwádìí ti fi hàn pé orí ẹ̀gẹ́ tó nírun máa ń gbà á mọ́ra ju orí dídán lọ. Nítorí náà, nígbà ìkórè, tí a bá ń gé igi tí a ó tún gbìn, ó yẹ kí a fọwọ́ kan orí rẹ̀ ná, kí a ya èyí tó nírun tí ewé rẹ̀ sì mọ́ sọ́tọ̀, kí a tó di ẹrù.