Ojú Tí Ìpàtẹ Fún Wa La Fi Ń Wo Iṣẹ́ Ọnà

Àwọn àgbà ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Bí ọ̀rọ̀ ènìyàn ṣe rí náà ni ti iṣẹ́ ọnà rí. Àwọn kan a máa rò pé ìpàtẹ kò ju kí á to nǹkan sílẹ̀ kí èrò wá wò ó lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹni tó pàtẹ ló yan ibi tí a ó dúró sí, ohun tí a ó kọ́kọ́ rí, àti ọ̀rọ̀ tí a ó kà lára ògiri kí ọkàn wa tó dá ẹjọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa ará Festac Town àti Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin gidigidi, nítorí orúkọ àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà ni àdúgbò wa ń jẹ́. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977 ni wọ́n ṣe FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú lágbàáyé. Àwọn àlejò àjọ̀dún náà ni ìjọba kọ́ ilé wọ̀nyí fún, kí ó tó di ibùgbé wa.

Ojú obìnrin kan ni àmì àjọ̀dún náà. Idia ni orúkọ rẹ̀, ìyá Ọba Esigie ti Bìní. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, gíga rẹ̀ kò sì tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Àwọn onímọ̀ gbà pé ọba ló máa ń so ó mọ́ra níbi ayẹyẹ ìrántí ìyá rẹ̀. A jẹ́ pé ó ń bá ọba rìn, láàrin ìlù àti orin.

Ní 1897, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ààfin Bìní lẹ́rù. Ní 1910, ojú náà bọ́ sí ọwọ́ British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú àpótí gíláàsì ni wọ́n fi í sí. Ẹni tó bá wò ó níbẹ̀ yóò rí iṣẹ́ ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà dáadáa, títí kan orí àwọn Potogí onírùngbọ̀n tó tò sára adé rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí ọba, kò gbọ́ ìlù. Ìyá ọba ti di ohun àwòyanu.

Nígbà tí Nàìjíríà bèèrè rẹ̀ fún àjọ̀dún 1977, wọn kò yá wa. Wọ́n ní ó gbẹgẹ́ jù fún ìrìn àjò. Àwòrán rẹ̀ tí Erhabor Emokpae fi ṣe àmì àjọ̀dún ló wá gba ipò rẹ̀. Ó wà lára aṣọ, ìwé àti sítáǹpù. Mo rí èrè nínú èyí: ohun tí mẹ̀kúnnù kò lè lọ wò ní Lọ́ńdọ̀nù wọlé tọ̀ ọ́ wá. Mo rí òfò pẹ̀lú: nígbà tí ojú náà di ti gbogbo ènìyàn dúdú, kò jẹ́ ìyá ẹnì kan mọ́. Ọmọ Festac lè mọ àwòrán náà, kó má mọ orúkọ obìnrin náà. Àmì tí kò sí ẹni tó ń sọ ìtàn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí àwòrán ara páálí bísíkíìtì.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ère nìkan ni èyí. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní òkè òkun ní wàláà ilé-kéwú láti Áfíríkà nínú ẹrù wọn. Wàláà tí a gbé kọ́ ògiri dára lójú. Ṣùgbọ́n àwa tí a lò ó mọ̀ pé orí itan ọmọ ni ibùjókòó rẹ̀, pé a máa ń fọ tàdáwà rẹ̀ kí á lè kọ òmíràn, àti pé ohùn ọmọdé tó ń kà ni ọ̀ṣọ́ rẹ̀. Bí ìpàtẹ kò bá sọ èyí, igi lásán ni òǹwòran rí. Bí ó ṣe dùn wá nípa wàláà ni kí á mọ̀ pé ó dun ará Bìní nípa Idia.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan kì í fẹ́ kí ọmọ wọn dé ibi tí ère wà. Ìfura wọn kì í ṣe ohun ẹ̀sín, nítorí ẹ̀sìn wa kò gba ère bíbọ. Ṣùgbọ́n kí á kọ́ ìtàn ohun kan yàtọ̀ sí kí á foríbalẹ̀ fún un. Ọmọ tí a kò bá kọ́ bí a ṣe ń wòran, ẹlòmíràn ni yóò kọ́ ọ, bó ṣe wu onítọ̀hún.

Nítorí náà, bí ẹ bá mú ọmọ lọ sí ìpàtẹ, ẹ jẹ́ kó bèèrè nǹkan mẹ́ta. Ta ló ṣe é, kí ni wọ́n sì ń fi í ṣe? Báwo ló ṣe kúrò níbẹ̀ dé ibí? Ta ló kọ ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ni kò sì sọ? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìpàtẹ, ẹ kọ ọ̀rọ̀ náà ní èdè tí ìyá ọlọ́jà lè kà, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn tó ni nǹkan sọ̀rọ̀ fúnra wọn.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ojú inú tí a ó fi rí ohun tó wà lẹ́yìn gíláàsì. Àmín.