Ìwà àti Ire: Àtúnyẹ̀wò Ìtàn Ìwà, Aya Ọ̀rúnmìlà

Láti ìgbà tí àpilẹ̀kọ Wándé Abímbọ́lá lórí ìwàpẹ̀lẹ́ ti jáde ní ọdún 1975 ni ìtàn Ìwà, aya Ọ̀rúnmìlà, ti di ohun tí àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ Yorùbá ń tọ́ka sí bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọlúàbí. Ìwà, ọmọ Sùúrù, rẹwà púpọ̀, ṣùgbọ́n ìṣesí rẹ̀ kò dára. Ọ̀rúnmìlà kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí nǹkan fi dàrú: àwọn tó ń wá dífá lọ́dọ̀ rẹ̀ kò wá mọ́, owó tán, iyì sì lọ. Ni ó bá gbé ẹ̀kú egúngún wọ̀, ó ń ti ilé dé ilé wá aya tó lé jáde.

Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé ẹni tó bá hùwà rere yóò rí ire gbà. Àlàyé yìí rọrùn láti fi kọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ìtàn náà sọ nìyẹn. Ìwà tó sọnù gan-an kì í ṣe oníwà rere! Sùúrù ni Ọ̀rúnmìlà kò ní, ẹni tí kò bá sì ní Sùúrù lánàá kò lè fi Ìwà ṣe aya. Abímbọ́lá fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé láti ara 'wà' ni 'ìwà' ti ṣẹ̀. Nítorí náà, ohun tó bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀rúnmìlà ju owó-ọ̀yà ìwà rere lọ; ibi tí ire ń fìdí jókòó sí ni.

Aristotle ti ilẹ̀ Gíríìsì pàápàá kò sọ pé ìwà rere nìkan tó fún ayọ̀. Ó fi Priam, ọba Troy, ṣe àpẹẹrẹ ẹni tí àjálù dé bá lọ́jọ́ ogbó. Àwọn Stoic ni wọ́n sọ pé ó tó. Yorùbá, tó ka owó, ọmọ àti àìkú mọ́ ire, kò sí lẹ́yìn wọn.

Ewu àlàyé tó wọ́pọ̀ náà ni pé ó ń sọ ẹni tí ìyà ń jẹ di aláìníwà. Ọ̀ràn Àbújá tó láti fi dán an wò. Ní ọdún 1976, nígbà tí ìjọba ológun ya ilẹ̀ náà sọ́tọ̀ fún olú-ìlú, àwọn àgbẹ̀ Gbàgyí wà lórí rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ará abúlé Maitama lọ sí Kubwa. Maitama sì di àdúgbò àwọn olówó. Ẹni tó ka ìtàn Ìwà bí ìwé owó-oṣù yóò ní láti wá ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ náà ṣẹ̀. Ta ni yóò rí i?

Ẹni tó lé Ìwà jáde ni ìtàn náà bá wí. Kò sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ìtàn orí yíyàn ló yẹ kí olùkọ́ gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Afùwàpẹ́ rí orí rere mú nílé Àjàlá nítorí pé ó yà sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ó sì rúbọ. Oríṣeékú àti Oríléémèrè, tí ìtàn náà kò ka ìwà burúkú kankan sí lọ́rùn, ni òjò rẹ́ orí wọn lọ́nà ayé.