Lẹ́tà Lọ́yà Kò Pa Iná

Ní Agbabu, níjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ọ̀dà dúdú máa ń yọ jáde fúnra rẹ̀ láti inú ilẹ̀. Kò sí ará ibẹ̀ tó lè ní òun ò rí i. Èdè àwọn tó ń kọ́lé tà lónìí yàtọ̀: ohun tó ń jò gan-an ni wọn ò fẹ́ ká rí.

Ẹ wo ojú ewé wọn lórí Instagram. Ilé funfun, omi ìwẹ̀ tó mọ́ gaara, ìyàwó tó ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹni tó ń gbébẹ̀ bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé òrùlé òun ń jò, wọ́n á pa á rẹ́, tàbí kí lọ́yà kọ̀wé sí i. Wọ́n ní orúkọ làwọn ń dáàbò bò. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ yẹn wò dáadáa.

Ibi tó ti hàn sí mi jù ni Grenfell Tower, ilé alájà 24 ní London. Kì í ṣe ilé oníṣòwò o; ti ìjọba ìbílẹ̀ Kensington àti Chelsea ni, KCTMO ló ń bá wọn mójú tó o. Àwọn kan lára àwọn tó ń gbébẹ̀ ń kọ ẹ̀dùn ọkàn wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2013, lọ́yà ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀wé sí ọ̀kan nínú wọn pé ó ń bani lórúkọ jẹ́. Wọn ò dákẹ́. Ní oṣù kọkànlá 2016, wọ́n kọ ọ́ pé àfi bí àjálù ńlá bá ṣẹlẹ̀ kẹ́nikẹ́ni tó gbọ́ tàwọn. Ní 14 oṣù kẹfà 2017, ilé náà jó. Èèyàn 72 ló kú.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí jábọ̀ ní 2024. Ohun kan tó wà níbẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi: KCTMO ka àwọn kan nínú àwọn tó ń ké yẹn sí oníjàngbọ̀n. Bó o bá ti pe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ iná ní oníjàngbọ̀n, o ò ní wá iná mọ́. Oníjàngbọ̀n lo máa máa ṣọ́.

Nílé wa ńkọ́? Ilé alájà 21 tí Fourscore Homes ń kọ́ ní Gerrard Road, Ìkòyí, wó ní 1 oṣù kọkànlá 2021. Ó lé ní ogójì èèyàn tó kú, olórí ilé iṣẹ́ náà, Femi Osibona, wà lára wọn. Kò tíì sẹ́ni tó ń gbébẹ̀ tó lè ké. Ẹ̀yìn tó wó tán ni lẹ́tà kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí fóònù: àwọn ẹnjiníà kan ti yọwọ́ nínú iṣẹ́ náà láti oṣù kejì 2020. Ìpolówó ti gbòde tipẹ́. Lẹ́tà yẹn ò jáde.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ tún kọjá lọ́yà. Ní 2023, obìnrin kan kọ ọ́ sórí Facebook pé ṣúgà pọ̀ jù nínú tòmátò Erisco. Ọlọ́pàá gbé e. Tòmátò lásán nìyẹn! Ta ló máa wá kọ̀wé nípa ògiri tó ń sán?

Òótọ́ ni pé ayálégbé náà máa ń parọ́, àwọn kan sì wà tí wọ́n ń gbowó láti ba ọjà ẹlòmíì jẹ́. Kí ilé iṣẹ́ fèsì, ẹ̀tọ́ wọn ni. Àmọ́ èsì sí "òrùlé mi ń jò" ni ọjọ́ tí ẹni tó máa tún un ṣe máa dé. Èmi, tí mo bá rí ilé tí wọ́n ń polówó, abẹ́ àwòrán ni mo ti kọ́kọ́ máa ń kà, kí wọ́n tó pa á rẹ́.