Ilé-Ẹ̀kọ́ Alámọ̀ Tó Wà Nínú Ewì Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ẹ má bínú sí mi o. Ewì mẹ́rin ni mo ti kà nínú ìwé wa yìí lórí ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ ní abúlé, bákan náà sì ni gbogbo wọn rí. Páànù á ti dípẹtà, ewúrẹ́ á máa sùn nínú kíláàsì, agogo á ti dákẹ́, akéwì á wá bú sẹ́kún. Èmi ni mo kọ ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nígbà tí mo wà ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Ṣùgbọ́n nígbà ìsinmi tó kọjá, mo lọ dúró níwájú ilé tí mo kọ ewì yẹn lé lórí, ojú sì tì mí. Mi ò wo ilé náà rí. Ewì àwọn ẹlòmíì ni mo wò kọ tèmi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí ná. Ilé gbọọrọ kan ni, amọ̀ pupa ni ògiri rẹ̀, wọ́n wá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ lójú. Níbi tí sìmẹ́ǹtì ti bó, ẹ máa rí àwọn ìlà kan tó lọ láti igun dé igun, ọ̀kan lókè ọ̀kan. Ibi tí ìpele kọ̀ọ̀kan parí sí nìyẹn. Wọn kì í mọ ògiri tán lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á gbẹ́ amọ̀, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí á fi rọ̀, wọ́n á mọ ìpele kan tó tó orúnkún, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ kí wọ́n tó lé òmíràn lé e. Tí òjò bá ká a mọ́ ìdí, ó di kí wọ́n tún un ṣe. Torí náà, ẹni tó bá mọ nǹkan tó ń wò lè ka iye ìgbà tí àwọn èèyàn padà wá sídìí iṣẹ́ náà. Mo kà á. Ìpele mẹ́fà ni.

Gbogbo wa la fẹ́ràn àti máa fi “kọ́lé” àti “kẹ́kọ̀ọ́” ṣeré. Mẹ́ta nínú ewì mẹ́rin yẹn ló lò ó, ó sì ti sú mi. Wọn ò kọ́ ilé yìí, wọ́n mọ ọ́n ni, bí èèyàn ṣe ń mọ ìkòkò. Ẹ wá pè é sókè kí ẹ gbọ́: ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ilé, àti ẹni tó mọ ilé torí pé ojú rẹ̀ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ohùn kan náà ni. Èyí tó wà nídìí ògiri gan-an, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án nínú wa.

Ewì kejì ní òyìnbó ló gbé ilé náà kalẹ̀. Irú èyí tó wà ní Badagry, tí wọ́n parí ní 1845, la máa ń rí nínú àwòrán, a wá rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn. Tiwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1952 ni S. O. Awókọ́yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ síwájú ilé ìgbìmọ̀. January 17, 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọmọ 456,600 ló wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Nígbà tó fi máa di 1955, wọ́n ti di 811,432. Ẹ bá mi rò ó, ibo ni wọ́n fẹ́ kó gbogbo wọn jókòó sí? Ní ọ̀pọ̀ abúlé, amọ̀ ló wà nílẹ̀, apá sì wà. Kì í sì í ṣe pé inú gbogbo èèyàn dùn. Owó-orí tí wọ́n fẹ́ fi gbọ́ bùkátà ètò náà bí àwọn èèyàn nínú débi pé NCNC na Action Group níbi ìbò ìjọba àpapọ̀ 1954 ní Ìwọ̀-Oòrùn níbí. Ìbínú yẹn ò sí nínú ewì kankan. Ẹkún nìkan la mọ̀.

Ewì kẹta ló dáa jù, jàre. Ibì kan wà níbẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ sórí páànù tí ohùn tíṣà ò jáde mọ́, tí gbogbo kíláàsì wá jókòó tẹtẹrẹ tí wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀. Ẹni tó kọ èyí ti jókòó nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ rí. Ilé ariwo ni. Ògiri tó pín kíláàsì níyà ò kan òkè, àyà àgbàlagbà ló mọ. Bàbá mi sọ pé kíláàsì kejì lòun wà tóun ti mọ ìṣirò kíláàsì kẹrin, torí ó ń gba orí ògiri wọlé. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó sọ fanákúlà, wọ́n sì nà án. Mo ń rántí èyí nígbà tí mo ka ewì kẹrin tó pe ibẹ̀ ní orísun èdè wa. Ní 1970 tí Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní St. Stephen’s ní Mòdákẹ́kẹ́, ohun tuntun ni. Ẹ má fi ewì bo pàṣán mọ́lẹ̀.

Ìlà tó dùn mí jù, èmi ni mo kọ ọ́. Mo ní ilé náà ṣí apá gba gbogbo ọmọ. Mo kà á fún màmá àgbà nígbà ìsinmi yẹn. Ó ní, “Gbogbo ọmọ wo?” Ó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí wọ́n ń mọ ògiri yẹn. Òun àti àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń pọn omi láti odò tí wọ́n fi ń po amọ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nígbà tí ilé parí, ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ fi ọwọ́ gba orí kan etí òdìkejì. Ọwọ́ tirẹ̀ ti kọjá etí tipẹ́. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló wọlé. Òun gba oko lọ. Kò sunkún nígbà tó ń sọ ọ́. Ó ṣáà ní, “Omi tí mo pọn wà nínú ògiri yẹn,” ó wá ní kí n gbé ẹ̀gẹ́ wọlé kí òjò tó dé.

Wọ́n máa wó ilé náà kí ọdún yìí tó parí. Àwọn tó ti jáde níbẹ̀ ti dáwó jọ, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ tuntun. Mi ò bá wọn jà: ikán ti jẹ igi òrùlé, mi ò sì fẹ́ kó wó lu ọmọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti ní kí n wá ké ewì lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀, mo sì ti sọ fún wọn pé kì í ṣe ti àtijọ́ yẹn. Mo fẹ́ lọ wọn ilé náà kí n tó kọ nǹkan kan: gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, bí ògiri ṣe nípọn tó lójú fèrèsé, àti bí ìpele kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó. Ẹni tó bá ní téèpù tàbí kámẹ́rà, tó sì lè wáyè ní Sátidé lẹ́yìn ìdánwò, kó wá bá mi. Ọkọ̀ kan péré ló ń lọ síbẹ̀ láàárọ̀, kì í sì í dúró de èèyàn. A máa sùn sílé màmá àgbà.