ÌṢE NÍ Í BÍ ORÍKÌ: ÀGBÉYẸ̀WÒ ÌYÌN D'TIGRESS NÍ ÈDÈ YORÙBÁ

1. Ìfáárà

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ìnagijẹ wọn ń jẹ́ D'Tigress, ti gba ife-ẹ̀yẹ AfroBasket ní ìgbà méje: ní 2003, 2005, 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025. Márùn-ún ìkẹyìn tẹ̀ léra wọn. Kò sí ẹni tí ó já a gbà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ní àwùjọ Yorùbá, irú akọni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣàìní oríkì. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ni pé, ǹjẹ́ ìyìn tí wọ́n ń rí gbà ní èdè Yorùbá tó ohun tí à ń pè ní oríkì? Ìjálá ni òṣùwọ̀n tí ó lò, nítorí pé orúkọ ẹranko ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́, ọ̀dọ̀ ọdẹ ni ó sì yẹ kí ẹjọ́ ẹranko ti wáyé.

2. Orúkọ

Ẹranko tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní tiger, ilẹ̀ Éṣíà ni ibùgbé rẹ̀. Ilà gbọọrọ ni ó wà lára rẹ̀. Ẹkùn tí ọdẹ Òtu mọ̀ nínú ọ̀dàn Òkè-Ògùn, ní apá Ìṣẹ́yìn àti Ṣakí, àmì tótòtó ni ó wà lára tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó pe D'Tigress ní ẹkùn kò túmọ̀ orúkọ. Pààrọ̀ ni ó pààrọ̀ rẹ̀. Pàṣípààrọ̀ náà sì lérè, nítorí pé ẹkùn ní ìjálá, tiger kò ní in. Àbùkù ibẹ̀ ni ti àwọn tí ń pè wọ́n ní 'abo ẹkùn'. Ọ̀rọ̀ náà 'ẹkùn' kò ya akọ sọ́tọ̀ sí abo. Ẹni tí ó fi 'abo' kún un ti bu ẹ̀rù inú orúkọ náà kù kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í yìn wọ́n.

3. Ìyìn tí kò ní olówó

Ìwé tí Adébóyè Babalọlá gbé jáde ní 1966 lórí ìjálá fi hàn pé oníjàálá a máa kí ẹranko, ẹyẹ, igi àti ènìyàn. Ó tún fi hàn pé ẹni tí ó mọ̀ láàrin olùgbọ́ a máa dá oníjàálá tí ó bá ṣìnà dúró, a sì tún un ṣe. Oníjàálá kì í kàn sọ pé ẹran kan lágbára, kí ó sì dákẹ́. Yóò sọ bí awọ rẹ̀ ti rí, bí ó ti ń rìn àti ìyà tí ó fi ń jẹ ọdẹ.

Ìyìn tí ó wọ́pọ̀ jù fún D'Tigress ni pé wọ́n gbé Nàìjíríà ga, pé àwọn ọmọ wa obìnrin ṣe bẹbẹ. Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyìn tí ó bá gbogbo ènìyàn mu kò ní olówó. Oríkì orílẹ̀ náà kò lè gbà wọ́n sílẹ̀, nítorí pé wọn kì í ṣe ọmọ ìdílé kan. Oríṣiríṣi ẹ̀yà ni wọ́n ti wá, Amẹ́ríkà ni a sì ti bí púpọ̀ nínú wọn. Ìṣe nìkan ni ó kù tí a fi lè kì wọ́n.

Ìṣe ọ̀hún kò ṣọ̀wọ́n. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì ti Páríìsì, ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, 2024, wọ́n na Ọsirélíà, tí ó padà gba àmì-ẹ̀yẹ idẹ, ní 75 sí 62. Wọ́n na Kánádà ní 79 sí 70. Báyìí ni wọ́n ṣe di ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, àtọkùnrin àtobìnrin, tí yóò dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn ní Òlíḿpíìkì. Níbẹ̀ ni Amẹ́ríkà ti borí wọn ní 88 sí 74. Rena Wakama, tí ó di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní 2023, ni ó kó wọn lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà jà ni ó yẹ kí akéwì fi ojú sí. Wọ́n máa ń lọ pàdé ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti òkèèrè. Wọn kì í jẹ́ kí ó rójú fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́. Ọdẹ tí ó bá wò wọ́n dáadáa yóò tún ẹni tí ó kì wọ́n ní ẹkùn ṣe lórí kókó kan: ẹkùn a máa ba ní ibùba kí ó tó fò mọ́ ẹran, ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kì í ba. Ajá ọdẹ, tí ń lé ẹran títí èémí yóò fi tán nínú rẹ̀, ni ìjà wọn jọ.

4. Ọdún tí a fò

Ní oṣù Karùn-ún, 2022, ìjọba àpapọ̀ yọ Nàìjíríà kúrò nínú ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé fún ọdún méjì, nítorí aáwọ̀ lórí àkóso àjọ tí ń bójú tó eré náà. Wọ́n yí ìpinnu náà padà ní oṣù Kẹfà, ṣùgbọ́n ẹ̀pa kò bóró mọ́. D'Tigress ti kúnjú òṣùwọ̀n fún ìdíje ife àgbáyé ní Sydney. Málì ni ó lọ dípò wọn.

Ìyìn tí ó ń ka ife nìkan yóò fo láti 2021 bọ́ sí 2023. Oríkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oríkì a máa rántí ìṣẹ́gun, a sì máa rántí ìfìyàjẹni, ẹ̀gàn àti ìjà inú ilé. Ọdún tí eléré ìdárayá ní lọ́wọ́ kò pọ̀. Ẹni tí ọdún 2022 bọ́ mọ́ lọ́wọ́ kò rí i gbà padà. Ẹni tí kò mọ ohun tí wọ́n lè ṣe kò lè mọ ohun tí wọ́n pàdánù.

5. Ìgúnlẹ̀

Ẹnì kan lè jiyàn pé ọjọ́ pípẹ́ ni ìjálá fi gbó, ìṣẹ́jú díẹ̀ sì ni oníròyìn rédíò ní. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gígùn ni iṣẹ́ yìí ń bèèrè, ìmọ̀ ni. Gbólóhùn kan tí ó sọ bí wọ́n ṣe gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ Ọsirélíà sàn ju ogún tí ó ní wọ́n gbé wa ga. Bí oníròyìn bá sì ṣì í sọ, kí olùgbọ́ ṣe bí olùgbọ́ ìjálá, kí ó dá a dúró, kí ó sì tún un ṣe.