Ta Ló Ni Ìlù Tí Wọ́n Ń Lù Níbi Àjọ̀dún Àṣà?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti jókòó níbi irú àjọ̀dún yìí rí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Bódìjà, Àgbowó tàbí Challenge, níbi tí onírúurú ẹ̀yà ti ń gbé pọ̀. Wọ́n á ta àtíbàbà, wọ́n á to àga, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan á sì gbé oúnjẹ tirẹ̀ kalẹ̀. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì á wà níhìn-ín, túwó àti máásà á wà lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn oúnjẹ ni ìlù, lẹ́yìn ìlù ni ijó. Èmi kò bá oúnjẹ ṣe ẹjọ́ o, mo jẹ tèmi ní àjẹyó. Ẹjọ́ tí mo gbé wá ni pé nígbà tí wọ́n bá kéde pé àṣà Yorùbá ló kàn, kí ni wọ́n máa ń gbé jáde?

Egúngún ló sábà máa ń jáde, tàbí àwọn oníbàtá. N kò bá wọn jà, ohun tí wọ́n jogún ni wọ́n gbé wá. Ṣùgbọ́n èwe Mùsùlùmí tó jókòó síbẹ̀ á máa rò pé àlejò ni òun nínú ilé bàbá òun, bí ẹni pé ọjọ́ tí baba ńlá rẹ̀ gba ẹ̀sìn Ìsìláàmù ló ti bọ́ Yorùbá sílẹ̀ bí ẹ̀wù.

Ẹ jẹ́ ká wo wéré. Ní Ìbàdàn wa yìí, bí ààwẹ̀ Rọ̀mádánì bá ti dé, àwọn ọmọkùnrin á kó agogo, sákárà àti agolo òfìfo jọ, wọ́n á máa ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn lóru láti jí àwọn ènìyàn sí sààrì. Àwọn kan á fún wọn lówó, àwọn mìíràn á bú wọn láti ojú fèrèsé. Àdúgbò sì máa ń bá àdúgbò díje. Ibẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní ọdún 1948, ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, kó tó sọ tirẹ̀ di fújì, tó fi orúkọ òkè kan ní ilẹ̀ Jàpáànì pè é. Ibẹ̀ náà ni Dáúdà Epo Àkàrà ti mú Àwúrèbe jáde. Ẹ fi sákárà Yusuf Ọlátúnjí kún un, àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá, àti wákà Bàtílì Àlàkẹ́. Orúkọ wọn nìkan tó láti sọ ẹ̀sìn wọn.

Fújì kì í kúkú wọ́n níbi àjọ̀dún àṣà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ètò bá ti parí, tí àwọn ènìyàn bá ń ṣa àwo, ni wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀rọ. Wọ́n ní orin ìgbàlódé ni. Kò sí ẹni tó ń dárúkọ sààrì.

Àṣìṣe yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà gbàlejò FESTAC ní Èkó, láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn orílẹ̀-èdè tó wá lé ní àádọ́ta. Ìlú Kàdúná ni wọ́n gbé eré ẹṣin àwọn Ẹ́míà lọ. Eré ẹṣin yẹn, ọdún Iléyá àti ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é nílé, lẹ́yìn ìrun Yídì. Ní Kàdúná, àlejò rí ẹṣin, wọ́n rí láwàní, wọ́n pàtẹ́wọ́. Kò sí Yídì kankan níwájú rẹ̀.

Ẹ wá fi Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde wé e. Àwọn Mùsùlùmí ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí wọ́n ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Awùjalẹ̀ tó fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Lónìí Kírísítẹ́nì ń gẹṣin níbẹ̀, regberẹ́gbẹ́ ń jáde nínú aṣọ olówó ńlá, kódà ariwo rẹ̀ ti ń pọ̀ jù fún irú wa. Síbẹ̀ ọjọ́ kẹta Iléyá ni wọ́n ṣì ń ṣe é. Ẹni tó bá bi ọmọ rẹ̀ léèrè ìdí tó fi jẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ti bọ́ sínú ìtàn Ìsìláàmù nílẹ̀ Ìjẹ̀bú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n dá àwa náà lẹ́jọ́. Bí wọ́n bá pè wá síbi àjọ̀dún, a kì í lọ. A ní ìlù kò bá ẹ̀sìn mu. Lóòótọ́, àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn lórí ìlù láti ayébáyé, bẹ́ẹ̀ ni ọtí àti ìhòhò tó ń wọ irú ibẹ̀ kì í ṣe tiwa. Mo gbà. Àmọ́ àwa náà là ń háyà onífújì síbi wòlímọ̀ ọmọ wa, tí a ń ná owó mọ́ ọn lórí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Èyí tí a ń jó nílé ara wa, kí ló dé tí a fi ń sẹ́ ẹ níta?

Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa léèrè ohun tí yóò gbé wá bí wọ́n bá fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí pèpéle. Ó ní òun á ké Àlùkùránì. Mo ní kì í ṣe àárín àwọn tó ń jẹun tí wọ́n ń jó ni wọ́n ti ń ké e. Ó dákẹ́. Bàbá rẹ̀ tó jókòó tì wá ló rẹ́rìn-ín, ó ní òun ló ń lu agogo fún àwọn ọmọ wéré Òkè-Àdó nígbà èwe òun, ọdún mẹ́ta gbáko. Ọmọ náà kò gbọ́ ọ rí. Ó bi bàbá rẹ̀ pé agogo náà dà. Bàbá ní ó wà ní àjà, lẹ́yìn àpótí ìyá àgbà, kó lọ gbé àkàsọ̀ wá.